Ẹni kẹta jókòó sílé, ẹni kẹrin wọ bàlúù: ta ló ni àyè Òlíńpíìkì?

ÌBÉÈRÈ: Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé. Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Amẹ́ríkà, ọmọbìnrin rẹ̀ tí wọ́n bí ní 2013 sì ti gbájú mọ́ eré orí yìnyín, èyí tí wọ́n ń fi bàtà abẹ irin ṣe, tí wọ́n ń fò tí wọ́n sì ń pòòyì. Àbúrò mi sọ fún mi pé ọdún kan wà tí ọmọbìnrin kan ṣe ipò kẹta nínú ìdíje gbogbo Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi í sílẹ̀, tí wọ́n mú ẹni kẹrin lọ sí Òlíńpíìkì. Tí èyí kì í bá ṣe ojúsàájú, kí ni ká pè é? Ṣé bí wọ́n ṣe máa ṣe ọmọ wa náà nìyẹn lẹ́yìn gbogbo owó tí ìyá rẹ̀ ń ná, pàápàá bó ṣe jẹ́ aláwọ̀ dúdú? Ṣé kò ní dáa kó kúkú ṣe é fún Nàìjíríà?

ÌDÁHÙN: Màmá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Òótọ́ ni àbúrò yín sọ, kò bù mọ́ ọn. Oṣù kìíní ọdún 2014 ló ṣẹlẹ̀, ní ìlú Boston. Gracie Gold gba ipò kìíní, Polina Edmunds tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 ṣe ìkejì, Mirai Nagasu ṣe ìkẹta, Ashley Wagner ṣe ìkẹrin. Àyè mẹ́ta ni Amẹ́ríkà ní fún àwọn obìnrin nínú Òlíńpíìkì Sochi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ìgbìmọ̀ aṣàyàn jáde, Gold, Edmunds àti Wagner ni wọ́n dárúkọ. Nagasu yìí kì í sì í ṣe ọmọ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ó ti lọ sí Òlíńpíìkì Vancouver ní 2010, ipò kẹrin ló ṣe níbẹ̀.

Èmi ò ní pè é ní ojúsàájú. Àmọ́ mi ò ní sọ pé kò sí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni pé wọ́n rò pé ọmọ tó wọ bàtà ló ni àyè. Orílẹ̀-èdè ló ni ín. Ẹ wò ó bí oyè ní ọ̀pọ̀ ìlú wa ní Èkìtì: tí ìtẹ́ bá ṣófo, ìlú mọ ilé tí oyè kàn, ṣùgbọ́n èwo nínú àwọn ọmọ ilé náà ló máa jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ibẹ̀ gan-an sì ni ìjà máa ń wà. ISU, àjọ tó ń darí eré yìí lágbàáyé, ló ń sọ iye àyè tó kan orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tó lè ní ju mẹ́ta lọ fún àwọn obìnrin tó ń dá ṣeré. Bí wọ́n ṣe máa pín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn láàárín ọmọ wọn, ISU ò bá wọn dá sí i.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí àyè ọ̀hún? Ìdíje àgbáyé tó wáyé ní ọdún tó ṣáájú Òlíńpíìkì ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Wọ́n á mú ipò àwọn méjì tó ṣe dáadáa jù lára àwọn tí orílẹ̀-èdè kan kó wá, wọ́n á ro wọ́n pọ̀. Bí àròpọ̀ náà kò bá ju 13 lọ, àyè mẹ́ta. Bí kò bá ju 28 lọ, àyè méjì. Orílẹ̀-èdè tó bá mú ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo wá gbọ́dọ̀ gba ipò kìíní tàbí ìkejì kó tó rí mẹ́ta. Láti ìkẹta dé ìkẹwàá, méjì ni. Fún Òlíńpíìkì Milano-Cortina ti 2026, obìnrin 29 ni àyè wà fún. Ìdíje àgbáyé ní Boston ní oṣù kẹta 2025 ni wọ́n fi pín 24. Márùn-ún tó ṣẹ́kù, Beijing ni wọ́n ti jà fún un ní oṣù kẹsàn-án. Ní Boston yẹn, Alysa Liu gba ipò kìíní, Isabeau Levito ṣe ìkẹrin, Amber Glenn ṣe ìkarùn-ún. Ọ̀kan àti mẹ́rin, márùn-ún. Amẹ́ríkà ti ní mẹ́ta nìyẹn, láìtíì mọ àwọn tó máa lọ. (Liu yìí ti sọ ní 2022 pé òun ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọdún 16 ló fẹ̀yìn tì! Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló padà sórí yìnyín.)

Ẹ wá fi ìṣirò yìí wo ọ̀rọ̀ 2014. Ní 2010, àyè méjì péré ni Amẹ́ríkà ní. Bí wọ́n ṣe rí ìkẹta padà ni pé nínú ìdíje àgbáyé 2013, ní ìlú London tó wà ní Kánádà, Wagner ṣe ipò karùn-ún, Gold ṣe ìkẹfà. Mọ́kànlá ni àròpọ̀ wọn. Ìyẹn ni pé àyè kẹta tí Nagasu dúró dè, Wagner wà lára àwọn méjì tó lọ gbà á bọ̀. Kò dúró síbẹ̀. Ó ti gba ipò kìíní Amẹ́ríkà ní 2012 àti ní 2013. Ní ìparí ọdún 2013, ó borí ní Paris nínú Grand Prix, ọ̀wọ́ ìdíje òkèèrè ọlọ́dọọdún, ó sì ṣe ipò kẹta ní Japan nínú àṣekágbá rẹ̀, níbi tí kìkì obìnrin mẹ́fà tó ta yọ jù lọ ti ń pàdé. Nagasu náà gba ipò kẹta kan ní Moscow lákòókò yẹn, ṣùgbọ́n ìyókù àbájáde rẹ̀ kò tó ìyẹn rárá. Oṣù kan lẹ́yìn ti Japan ni Wagner ṣubú lẹ́ẹ̀mejì ní Boston.

Ìgbìmọ̀ ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Òfin tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ sọ pé iṣẹ́ ọdún gbọọrọ ni àwọn ń wò, kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ìdíje ilé wà lára rẹ̀, òun nìkan kọ́.

Amẹ́ríkà yìí kan náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń sáré. Nínú eré sísá tiwọn, àwọn mẹ́ta tó bá kọ́kọ́ gbá ìlà lọ́jọ́ ìdánwò ló ń lọ, tí wọ́n bá ti ní àkókò tí wọ́n ń béèrè. Ẹni tó bá ṣubú lọ́jọ́ náà, kó máa lọ sílé, ì báà jẹ́ òun ló ń sáré jù láyé. Èmi náà ti jókòó rí láàárín àwọn tó ń yan ọmọ sáré níhìn-ín ní Adó, ní pápá ìṣeré Olúyẹmí Káyọ̀dé. Aago ló ń bá wa dájọ́. Bí bàbá ọmọ bá tiẹ̀ bínú dé, a ó fi aago hàn án. Eré orí yìnyín kò ní aago tó ń dájọ́. Àwọn adájọ́ ló ń wo bí ọmọ ṣe fò, bó ṣe balẹ̀, bó ṣe bá orin lọ, tí ìgbìmọ̀ mìíràn sì ń yẹ fídíò wò bóyá ó pòòyì tán lófuurufú kó tó balẹ̀. Abẹ irin tó yẹ̀ díẹ̀ báyìí lè gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Nítorí náà, mo gbà pé ìgbìmọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti wo ẹ̀yìn wò. Ká ní èmi wà nínú yàrá yẹn, Wagner ni ǹ bá dìbò fún, kì bá sì dùn mọ́ mi nínú.

Níbo ni ẹ̀bi wà, nígbà náà? Àṣà. Ní 1998, bí wọ́n ṣe tò ní ìdíje ilé, ìkíní, ìkejì, ìkẹta, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ. Ní 2002, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ní 2010 tí àyè jẹ́ méjì, àwọn méjì àkọ́kọ́ ló lọ, Nagasu alára sì ni ìkejì wọn. Àwọn tí wọ́n yọ sọ́tọ̀ ni àwọn tí ara wọn kò gbà wọ́n láyè láti díje. Ọmọ tó dàgbà sínú irú èyí, kí ló máa rò? Ìwé òfin wí bákan, ohun tí ojú rẹ̀ rí fún ogún ọdún wí bákan. Mi ò gbọ́ pé ẹnì kan pe Nagasu àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ṣáájú Boston kó wí fún wọn kedere pé ipò kẹta kò dájú, kí wọ́n mọ̀ pé ìwé ni a máa tẹ̀lé lọ́tẹ̀ yìí. Bí ẹnì kan bá sọ ọ́, kò hàn lójú ọmọbìnrin náà nígbà tó wọlé wá ṣe àṣefihàn ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ka orúkọ: ẹkún ló ń sun lórí yìnyín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn tí ara wọn kò gbà wọ́n láyè yẹn, nítorí ọ̀kan nínú rẹ̀ burú ju ohunkóhun tí a lè pè ní ojúsàájú lọ. Oṣù kìíní 1994, ìlú Detroit, àyè méjì. Bí Nancy Kerrigan ṣe parí ìgbáradì tó ń jáde, ọkùnrin kan fi kóńdó gbá a lórúnkún. Kò lè díje mọ́. Tonya Harding gba ipò kìíní, Michelle Kwan, ọmọ ọdún 13, ṣe ìkejì. Ìgbìmọ̀ gbé àyè kejì fún Kerrigan, wọ́n ní kí Kwan dúró bí adípò. Kò pẹ́ tí ìwádìí fi hàn pé ọkọ àtijọ́ Harding ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Kerrigan àti Harding sì tún jọ wọ orí yìnyín kan náà nínú Òlíńpíìkì ní Norway! Kerrigan gba fàdákà, Harding ṣe ìkẹjọ. Ní oṣù kẹta, Harding jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ pé òun dí ìwádìí lọ́wọ́, nígbà tó yá, wọ́n gba oyè ọdún náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, Kwan tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn ló wá di ẹni tí wọ́n ń fi ẹlòmíràn sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ó ti gba oyè àgbáyé lẹ́ẹ̀marùn-ún. Itan ń dùn ún ní 2006, kò lè lọ sí ìdíje ilé, ó kọ̀wé bẹ̀bẹ̀. Wọ́n fún un ní àyè, wọ́n sì rán ènìyàn lọ wò ó bó ṣe ń fò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ó dé Torino níbi Òlíńpíìkì, ó ṣe ìgbáradì lẹ́ẹ̀kan, ìrora dé, ó yọwọ́. Emily Hughes, tó ṣe ìkẹta nílé, ló wọ bàlúù lọ rọ́pò rẹ̀, ó sì ṣe ipò keje. Ẹjọ́ ti Kwan yìí ni mo máa ń rántí nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kí ìgbìmọ̀ máa fi orúkọ ńlá yan ènìyàn.

Ṣé ẹ rí Nagasu tí wọ́n fi sílẹ̀ yìí, kò fi eré sílẹ̀. Ó kó lọ sí Colorado, ó yí kóòṣì padà, ó sì lọ kọ́ Axel onípòòyì mẹ́ta àti ààbọ̀. Axel nìkan ni fífò tí wọ́n ń kọjú síwájú gbéra, ìdí nìyẹn tí ààbọ̀ fi máa ń lé lórí rẹ̀, ìdí náà nìyẹn tí ọ̀pọ̀ obìnrin kì í fi í fọwọ́ kàn án. Ó ti lé ní ogún ọdún nígbà náà, ọjọ́ orí tí àwọn ẹlòmíràn ti ń ronú àtifẹ̀yìn tì. Ní oṣù kìíní 2018, ní San Jose, Bradie Tennell ṣe ìkíní, Nagasu ṣe ìkejì, Karen Chen ṣe ìkẹta. Ta ló ṣe ìkẹrin? Wagner.

Ìdíje àgbáyé 2017 ní Helsinki ni wọ́n fi ṣírò àyè ti 2018. Chen ṣe ìkẹrin níbẹ̀, Wagner ṣe ìkeje, mọ́kànlá náà ni. Ó tún ti bá wọn gba àyè mẹ́ta bọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọdún náà kò dán bíi ti tẹ́lẹ̀, ìdíje kan tilẹ̀ wà tó dá dúró láàárín eré. Bí wọ́n ṣe tò nílé ni ìgbìmọ̀ ṣe mú wọn. Wagner bínú, ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé máàkì tí àwọn adájọ́ fún òun kò tọ́. Àyè tí ènìyàn gbà bọ̀ fún ìlú kì í ṣe owó tó fi pamọ́. Ó lè ṣe é tán kí ẹlòmíràn jẹ ẹ́. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin àti àbúrò yín gbà lọ́kàn kí ọmọ tó dàgbà.

Ní Òlíńpíìkì PyeongChang, Nagasu fò Axel náà nínú ìdíje ẹgbẹ́, ó sì balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun ni obìnrin Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó ṣe é ní Òlíńpíìkì, ìkẹta lágbàáyé lẹ́yìn Midori Ito àti Mao Asada ti Japan. Bàbà ẹgbẹ́ lọ́wọ́, ó délé.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló ń yan bíi ti Amẹ́ríkà. Ní Japan, ẹni tó bá gba ipò kìíní nínú ìdíje gbogbo ìlú lóṣù Kejìlá ti lọ nìyẹn, àwọn yòókù ni wọ́n ń jíròrò lé lórí. Kòríà tiẹ̀ ro máàkì ìdíje mẹ́ta pọ̀ fún 2018, ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù ló lọ. Choi Da-bin, tó dá lọ sí Helsinki tó ṣe ìkẹwàá, ló gba àyè méjì yẹn bọ̀ fún wọn, ó sì tún jà fún ọ̀kan nílé kó tó rí i gbà.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ Nàìjíríà. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín: níbi tí kò ti sí èrò, ọ̀nà máa ń yá. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú eré yìí. Kò sí àyè ọ̀fẹ́ fún orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọmọ yín máa kọ́kọ́ wà lára àwọn tí ìdíje àgbáyé fún ní àyè, tàbí lára àwọn márùn-ún tó yege nínú ìdíje ìparí. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ mẹ́wàá tó ń bá a du àyè wà nílé. Tó bá gbé àsíá Nàìjíríà, gbogbo ayé ló ń bá du ẹyọ kan. Yàtọ̀ sí èyí, àjọ tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ISU nìkan ló lè forúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè náà sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ kó tó wọ Òlíńpíìkì. Tó bá ti gbé àsíá Amẹ́ríkà lọ sí ìdíje òkèèrè kan rí, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú u sílẹ̀, á sì dúró fún ìgbà kan.

Mi ò sọ pé kò ṣeé ṣe. Ṣeun Adigun, tó ti sáré onídènà fún wa ní London ní 2012, fi pákó kan ọkọ̀ yìnyín tó fi ń kọ́ṣẹ́, ó bẹ ará ayé lówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun àti Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga sì dé PyeongChang ní 2018. Simidele Adeagbo bá wọn débẹ̀ nínú skeleton, eré tí wọ́n ti ń fi orí ṣíwájú yọ̀ lọ lórí yìnyín; òun ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe é ní Òlíńpíìkì. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i, wọ́n ní láti dá àjọ sílẹ̀ ná. Ẹ sì rántí Favour Ofili: ní 2024, ọmọ náà yege láti sá 100 mítà ní Paris, orúkọ rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọjọ́ pé. Ìgbìmọ̀ kankan kò jókòó yan ẹlòmíràn lé e lórí. Wọn ò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni. Nínú irú ìyà méjèèjì yìí, ti Nagasu sàn.

Ní ti àwọ̀ rẹ̀, ẹ̀rù yín kò ṣàjèjì. Ìgbà kan wà tí wọ́n lé Mabel Fairbanks ní ẹnu ọ̀nà pápá yìnyín nítorí pé ó dúdú; kò díje fún Amẹ́ríkà láéláé, ó wá di kóòṣì tó kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ní 1988, Debi Thomas gba bàbà ní Calgary, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù. Yunifásítì Stanford ló wà nígbà tó ń díje, ó sì di dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ eegun. Èyí máa dùn mọ́ ará Èkìtì. Surya Bonaly ti Faransé gba oyè Yúróòpù ní ìgbà márùn-ún, síbẹ̀ ó ń rò pé àwọn adájọ́ kò fún òun ní ẹ̀tọ́ òun. Ní Òlíńpíìkì Nagano, 1998, ó fi òkìtì ẹ̀yìn tó balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan dá wọn lóhùn, òkìtì tí òfin kà léèwọ̀. Ọdún 2024 ni ISU tó yọ ọ́ kúrò nínú èèwọ̀.

Níkẹyìn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó yín láyà sókè lórí ọdún 2030. Lẹ́yìn Òlíńpíìkì Beijing 2022, níbi tí ọ̀ràn oògùn Kamila Valieva ti Rọ́ṣíà, ọmọ ọdún 15, ti da gbogbo nǹkan rú, ISU gbé ọjọ́ orí tí wọ́n fi ń wọ ìdíje àgbà sókè láti 15 sí 17, tó sì gbọ́dọ̀ pé ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù keje tó ṣíwájú àkókò ìdíje náà. Ọmọ tí wọ́n bí ní 2013 kò ní tíì pé 17 ní oṣù keje 2029. Òlíńpíìkì Utah ti 2034 ló kàn án, á ti pé ogún ọdún. Kóòṣì tó bá ń gbowó lọ́wọ́ àbúrò yín lónìí pé òun ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún 2030, ẹ ní kí wọ́n bi í bó ṣe rò ó. Lẹ́yìn náà, kí ìyá àti ọmọ jọ ka ìwé òfin yíyàn tí àjọ Amẹ́ríkà ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì tún un kà ní ọdọọdún, nítorí wọ́n máa ń yí i padà.